Ìdílé De la Pole

Ọ̀rọ̀ ìdílé De la Pole ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń ká mi lára. Oníṣòwò irun àgùntàn ni William, baba ńlá wọn, ní ìlú Hull. Ó yá Ọba Edward Kẹta lówó ogun. Ní 1385, Michael ọmọ rẹ̀ di Earl ti Suffolk. Kò pẹ́ tó fi sá kúrò nílùú, Paris ló kú sí. Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú ìdílé náà fẹ́ àbúrò ọba mìíràn, Elizabeth ti York. Ìgbéyàwó yìí gan-an ló dá wàhálà sílẹ̀, torí àwọn ọmọ Elizabeth lẹ́tọ̀ọ́ sí adé. Ọba Henry Kẹjọ bẹ́ Edmund, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, lórí ní 1513. William àbúrò Edmund lo ohun tó lé ní 30 ọdún lẹ́wọ̀n Tower of London, ibẹ̀ ló kú sí ní 1539. Lójú tèmi, ìbí rẹ̀ nìkan ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀.