Iná Àtẹ́lẹsẹ̀ Kì í Dé Ọpọlọ

Ọmọ ọdún 9 ni mí nígbà tí gìrì mú ọmọ aládùúgbò wa. Ibà ti ń ṣe é fún ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n na àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sí iná, wọ́n fi ṣíbí la eyín rẹ̀, wọ́n da àgbo ìtọ̀ màlúù sí i lẹ́nu. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí ọmọ fi kú. Ìfẹ́ ni gbogbo wọn fi ṣe é, ẹkún ìyá rẹ̀ kò sì kúrò létí mi. Ìwé ni mo kà kà tí mo fi mọ ohun tó ṣeé ṣe kó ti ṣẹlẹ̀ nínú orí ọmọ náà.

Kòkòrò Plasmodium falciparum ló ń fa ibà tó ń dé ọpọlọ. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa tí kòkòrò náà bá ti wọ̀ a máa lẹ̀ mọ́ ara iṣan tín-ín-rín inú ọpọlọ, ẹ̀jẹ̀ kò sì ní ráyè kọjá. Bẹ́ẹ̀, ọpọlọ àgbàlagbà, tí kò ju ìdá 2 nínú 100 ìwúwo ara lọ, ń ná nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 agbára ara. Ti ọmọdé tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ni olórí oúnjẹ rẹ̀, kò sì ní àká tó fi ń tọ́jú rẹ̀ pẹ́. Kòkòrò ń jẹ nínú ṣúgà yìí, gìrì ń ná an ní ìnákúnàá, ẹ̀dọ̀ tí àárẹ̀ ti mú kò sì rí tó pèsè. Agbára tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń ti iyọ̀ jáde á tán. Iyọ̀ á wọlé, omi á tẹ̀ lé e, sẹ́ẹ̀lì á wú. Ní Màláwì, àwọn oníṣègùn fi ẹ̀rọ MRI wo ọpọlọ àwọn ọmọ tí ibà yìí mú. Àbájáde tí wọ́n gbé jáde ní 2015 fi hàn pé ọpọlọ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó kú ló ti wú gan-an.

Ohun tó dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ àgbo yẹn. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ti yẹ̀ ẹ́ wò tipẹ́: ó ń mú ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó sì ń dí èémí lọ́wọ́. Ọmọ tí ebi ń pa ọpọlọ rẹ̀, àwa la tún gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀.

Ìwòsàn wà. Ìlọrin wà lára ibi tí wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ ibà artesunate wé ti quinine nínú ìwádìí tó jáde ní 2010: nínú 100 ọmọ tó gba quinine, nǹkan bí 11 ló kú, ti artesunate kò pé 9.

Ẹ̀yin òbí, bí gìrì bá mú ọmọ, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíá. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ ní kí wọ́n wo ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.