Olè Inú Àjà

Síkúrúù méjì kan ni kò kúrò lọ́kàn mi. Ìlú Antwerp ni wọ́n wà, nínú ilé tí Rubens ayàwòrán gbé nígbà ayé rẹ̀. Àwọn ni wọ́n fi de àpótí ike kan tó mọ́ gaara mọ́lẹ̀. Ère Ádámù àti Éfà ló wà nínú àpótí ọ̀hún, èyí tí Georg Petel fi eyín erin gbẹ́ ní 1627. Ní 1997, Stéphane Breitwieser, ọmọ Faransé láti agbègbè Alsace, yọ ọ̀bẹ kékeré aláṣẹ́pọ̀ kan jáde nínú àpò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú wọn. Bí ẹ̀ṣọ́ bá yọjú, á káwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tó wá wòran. Bí ẹ̀ṣọ́ bá ti kọjá, á tún yí i díẹ̀ sí i. Nígbà tí àpótí ṣí, ó ki ère bọ ẹ̀yìn ṣòkòtò, kóòtù bò ó, ó rọra bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Kò fọ́ dígí, kò sáré. Ta ni kì í bá gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sẹ́nu iṣẹ́ àtúnṣe aago?

Iṣẹ́ agbáwo nílé oúnjẹ ló ń ṣe ní tirẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé láàárín 1995 sí 2001, òun jí nǹkan 239 ní oríṣiríṣi ilé ìṣẹ̀ǹbáyé káàkiri Yúróòpù, ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ a sì máa bá a ṣọ́nà. Kò ta ìkankan. Inú àjà ilé ìyá rẹ̀ ló kó gbogbo rẹ̀ sí, ibẹ̀ náà ni òun àti ọmọbìnrin yẹn ń sùn, Ádámù àti Éfà wà lórí tábìlì lẹ́bàá ibùsùn.

Ohun tí olè yìí ń wí ni pé ẹ̀wọ̀n ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé jẹ́ fún iṣẹ́ ọnà, pé òun ń tú wọn sílẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ yẹn mú mi rántí Ulm. Ìlú kan ni ní Jámánì, kò jìnnà sí Augsburg tí Petel fi ṣe ibùgbé. Ọpọ́n Ifá kan wà níbẹ̀ tó wá láti Allada, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Benin lónìí. Weickmann, oníṣòwò kan tó fẹ́ràn kí ó máa kó ohun àrà jọ, ti kọ ọ́ sínú ìwé ẹrù rẹ̀ ní 1659. Nínú gbogbo ọpọ́n Ifá tí a mọ̀, òun ló pẹ́ jù. Ìgbàkigbà tí mo bá ronú kàn án, inú mi máa ń dùn pé kòkòrò kò jẹ ẹ́, inú mi á sì tún bàjẹ́. Kò sẹ́ni tó ń da ìyẹ̀rosùn sí i. Kò sẹ́ni tó ń fi ìrọ́kẹ́ lù ú kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kì. Nígbà náà ni mo máa ń fẹ́ gbè sẹ́yìn Breitwieser díẹ̀.

Àmọ́ ọpọ́n tó wà lọ́wọ́ babaláwo, ẹnikẹ́ni tí ọ̀ràn bá dé bá lè wá jókòó síwájú rẹ̀: alájọgbé, àlejò, ọ̀tá pàápàá. Ta ló lè gun àjà yẹn lọ jókòó síwájú Ádámù àti Éfà?

Lucerne ni ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́, ní November 2001. Ó ti jí fèrè ogun àtijọ́ kan níbi tí wọ́n ń kó nǹkan Wagner olórin sí. Ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ ní àfi kí wọ́n padà lọ nu àmì ìka rẹ̀ kúrò. Bí obìnrin náà ti wọlé, ọkùnrin wa kò lè jókòó jẹ́ẹ́, ó ń rìn yí ilé po, bàbá kan tó ń mú ajá rẹ̀ rìn sì fura sí i.

Ìyá rẹ̀ gbọ́. Ó kó ohun tó lè kó dà sínú odò àfọwọ́gbẹ́ Rhône-Rhine, ó sì ba àwọn àwòrán jẹ́. Ó ní inú ló ń bí òun sí ọmọ òun. A máa ń sọ pé ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀, ṣùgbọ́n níbo la fẹ́ to ẹni tó da epo nù sí? Lójú tèmi, òun nìkan ló mọ ibi tí èèyàn ti lè na ọmọ náà kó dùn ún. Ẹ̀wọ̀n kò mọ̀ ọ́n, nítorí nígbà tó jáde, ó tún padà sídìí rẹ̀. Ní 2019 wọ́n tún mú un, lọ́tẹ̀ yìí ó ti ń ta ohun tó jí lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Wọ́n rí ère Petel nínú omi, wọ́n sì dá a padà sí Antwerp. Michael Finkel, akọ̀ròyìn tó kọ ìwé nípa Breitwieser, bá a lọ síbẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Olè náà wo ère ọ̀hún, kò fọwọ́ kàn án. Nígbà tí wọ́n ń jáde, ó jí ìwé pẹlẹbẹ kan ní ṣọ́ọ̀bù wọn, èyí tí owó rẹ̀ kò ju nǹkan bíi dọ́là mẹ́rin lọ. Mo ti fẹ́ gbà pé ẹwà ló ń lé kiri, ṣùgbọ́n mi ò mọ ibi tí màá ti ìwé yẹn sí.