Abẹ́rẹ́ Ojú Híhunjọ

Ẹ̀yin ìyá àti arábìnrin mi, ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ fún yín. Ní London tí mo ń gbé, mo gba abẹ́rẹ́ Botox nítorí ìlà tí ó wà láàárín ojú mi méjèèjì, tí ó ń mú mi dà bí ẹni tí ń bínú. Mo ní kí wọ́n gún gbogbo iwájú orí mi pẹ̀lú, kí wọ́n má ṣahun. Ìlà náà pòórá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ mi sáré wọlé pé òun yege ìdánwò, ó wò mí títí, ó ní: “Ìyá mi, ṣé inú yín kò dùn ni?” Inú mi dùn, ojú mi ni kò lè sọ ọ́.

Oògùn yìí kì í na awọ. Ó ń dí ọ̀nà mọ́ iṣẹ́ tí ọpọlọ ń rán sí iṣan ojú, iṣan náà a sì dẹwọ́. Bí ó bá pọ̀ jù níwájú orí, irun òkè ojú a wálẹ̀. Bí oṣù 3 sí 4 ni agbára rẹ̀ ń tán.

Nígbà kejì, dókítà ní kí n fajúro, kí n rẹ́rìn-ín, kí ó tó fọwọ́ kan abẹ́rẹ́. Díẹ̀ ni ó fi sí i, ó ní kí n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2, nígbà tí agbára rẹ̀ bá hàn tán. Ìlà díẹ̀ kù; mo ní kí ó fi í sílẹ̀.

Bí ẹ óò bá gbà á, ẹ gbà á níwọ̀n. Aboyún àti abiyamọ, ẹ yàgò fún un. Ojú tí ọmọ fi ń mọ ayọ̀ ìyá rẹ̀, ẹ má tà á nítorí ẹwà.