Ọmọ Ibo Ni Ọ́?

Láàárín àwa Yorùbá, kò sí ìbéèrè tí ó rọrùn láti dáhùn ju 'Ọmọ ibo ni ọ́?' lọ. Ẹni tí a bí sí Kúmásì, tí ó dàgbà ní Àkrà, tí kò fi ẹsẹ̀ tẹ Ògbómọ̀ṣọ́ rí, yóò dáhùn láìronú pé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni òun, yóò sì dárúkọ agbo ilé baba rẹ̀ mọ́ ọn. Kò purọ́. Orísun rẹ̀ ni a béèrè, kì í ṣe ibi tí a gbé gé ìwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí a gbé gé ìwọ́ ni ìwé ìjọba ń béèrè, kò bìkítà fún orísun. Ìyàtọ̀ kékeré yìí ti da ayé ọ̀pọ̀ ènìyàn rú ní ilẹ̀ Gánà.

Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Dókítà Kofi Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ọjọ́ mẹ́rìnlá! Ẹni tí ó ti ta ọjà fún ogójì ọdún, báwo ni yóò ti gba gbèsè rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì? Àwọn onígbèsè kan tilẹ̀ ń ka ọjọ́ náà pẹ̀lú ayọ̀. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà, Ìlọrin, Ṣakí àti Ìnísà ta ọjà wọn ní ọ̀pọ̀, wọ́n kó ọmọ sínú ọkọ̀ ẹrù, wọ́n sì kọjú sí ìlú tí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà kò rí rí. Kí ọ̀rọ̀ má baà dàbí ẹjọ́ alápá kan, ó yẹ kí a rántí pé Nàìjíríà náà lé àwọn ará Gánà ní oṣù kìíní ọdún 1983, débi pé àpò tí wọ́n fi di ẹrù ṣì ń jẹ́ 'Ghana Must Go' títí di òní.

Sabon Zongo wà ní Àkrà. Málàmù Bako àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ẹni tí ó bá mọ Sábó ní Ìbàdàn yóò rẹ́rìn-ín díẹ̀ bí ó bá dé ibẹ̀. Ní Ìbàdàn, Haúsá ni àlejò, Yorùbá ni onílé. Ní Àkrà, àwọn méjèèjì jọ di àlejò lórí ilẹ̀ àwọn Gã, wọ́n sì jọ ń kírun nínú mọ́ṣáláṣí kan náà.

Ní àdúgbò yìí ni olùkọ́ kan tí ó ti fẹ̀yìn tì ti ń bá àwọn ènìyàn kọ ìwé tí wọn yóò fi jẹ́ ọmọ Gánà, tàbí èyí tí wọn yóò fi fi hàn pé wọ́n ti jẹ́ ẹ tipẹ́. Kò gba pesewa kan. Àwọn kan wà lẹ́bàá ọ́fíìsì ìjọba tí wọ́n ń gba owó gọbọi fún iṣẹ́ kan náà, tí wọn kì í sì í bi ènìyàn ní ìbéèrè kankan; ohun tí ó bá wọ̀ wọ́n lójú ni wọ́n ń kọ. Ìbéèrè gan-an sì ni iṣẹ́ náà.

Ìyá arúgbó kan tí ń ta obì wá sọ́dọ̀ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

'Ìyá, níbo ni wọ́n bí yín sí?'

'Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, Tíṣà.'

'Mo mọ̀, ìyá. Níbo ni ìyá yín wà ní ọjọ́ tí wọ́n bí yín?'

'Àkrà níbí náà ni. Ọdún tí ilẹ̀ mì tìtì, tí ilé ń wó.'

Ọdún 1939 nìyẹn, nítorí ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹfà ọdún náà ni ilẹ̀ mì ní Àkrà.

'Ìyá yín fúnra wọn ńkọ́?'

'Kúmásì ni wọ́n bí wọn sí. Baba wọn ń ta aṣọ níbẹ̀.'

Olùkọ́ gbé kálàmù sílẹ̀. Òfin ọdún 1957 sọ pé ẹni tí a bí ní ilẹ̀ náà kí òmìnira tó dé, tí ọ̀kan nínú àwọn òbí tàbí òbí àgbà rẹ̀ sì jẹ́ ẹni tí a bí síbẹ̀, ti di ọmọ Gánà láti ọjọ́ kẹfà oṣù kẹta ọdún náà. Ìyá yìí ti jẹ́ ọmọ Gánà fún ọdún méjìlá kí wọ́n tó lé e ní 1969. Nígbà tí wọ́n bi í pé ọmọ ibo ni, ó ti dáhùn gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí a kọ́ dáadáa. Ó lo ọdún mẹ́ta ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí àwọn ọmọ ilé ti ń fi ahọ́n rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, kí ó tó padà wá lẹ́yìn ìṣubú ìjọba Busia ní 1972.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni òfin náà gbè. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí a bí ní Ìnísà bẹ olùkọ́ pé kí ó kọ Kúmásì sí ibi tí a bí òun. Olùkọ́ kọ̀, ó ní ìwé èké kan ṣoṣo yóò mú kí wọ́n máa fura sí ogún ìwé òtítọ́. Ọ̀nà mìíràn ṣí sílẹ̀ fún un. Òfin ọdún 2000 gba ẹni tí ó ti gbé ìlú náà fún iye ọdún tí a là sílẹ̀ láàyè láti tọrọ, bí àwọn ọmọ Gánà méjì tí wọ́n wà ní ipò ọlá bá kọ̀wé jẹ́rìí sí ìwà rẹ̀, tí ó sì gbọ́ èdè kan tí í ṣe ti ilẹ̀ náà. Ti èdè kò ṣòro: ọmọ náà ń fi Twi dúnàá-dúrà ju àwọn oníbàárà rẹ̀ lọ. Ẹlẹ́rìí ni ìṣòro, nítorí ẹni ńlá wo ni ọmọ tí ń ta táyà mọ̀?

Ìyá olóbì ní ìbéèrè tirẹ̀. Bí òun bá gba ìwé yìí, ṣé òun yóò ṣì jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́? Olùkọ́ ṣàlàyé pé Gánà gbà kí ènìyàn jẹ́ ọmọ ilẹ̀ méjì, àti pé òfin Nàìjíríà ti 1999 kò gba ipò ọmọ-ìlú lọ́wọ́ ẹni tí ó jẹ́ tirẹ̀ nípa ìbí. Ìyá tẹjú mọ́ ìwé náà pẹ́. Ó ní kí olùkọ́ wá àyè kan kọ orúkọ agbo ilé baba òun sí. Kò sí àyè fún un níbẹ̀. Ó tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ sí ibi tí a fi hàn án, ó sì béèrè iye ọjọ́ tí èsì yóò fi dé.