Ọ̀nà Tí Ìyá Àgbà Lè Mu Omi Lórí Rẹ̀



Àwọn àgbà sọ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Èmi tí mo ń gbé etí Creek Road, níbi tí Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ ti pàdé, mo fara mọ́ òwe náà, ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi ìbéèrè kan tẹ̀ lé e. Nínú ọ̀pọ̀ ọ̀nà tí ó wọ ọjà, èwo ni ó yẹ kí ènìyàn gbà nígbà tí ó bá kó ẹbí rẹ̀ sínú ọkọ̀? Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò dáhùn pé èyí tí ó yá jù ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, n ó sì sọ ìdí rẹ̀ fún yín.

Ní ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, àwọn ẹbí kan ní ọkọ̀ tí ó jẹ́ ilé. Bẹ́ẹ̀dì wà nínú rẹ̀, ibi ìdáná wà níbẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pàápàá wà níbẹ̀. Wọn kì í fẹ́ gbé irú ọkọ̀ gàgàrà bẹ́ẹ̀ la àárín ìlú ńlá kọjá; ọ̀nà tí ó yí ẹ̀yìn ìlú po ni wọ́n ń wá. Ti Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ń pè ní M25, tí wọ́n parí ní 1986, gígùn rẹ̀ sì tó kìlómítà 188. Àwa kò ní irú ọkọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ẹ wo bọ́ọ̀sì ẹbí Mùsùlùmí nígbà Iléyá: àpò ìrẹsì, ìkòkò, ẹní, aṣọ ẹbí, ọmọ ọwọ́ àti ìyá àgbà, gbogbo wọn ti kún inú rẹ̀. Ilé ni òun náà, àfi pé kò ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Èkó kò ní ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó yí i ká, nítorí òkun wà níhìn-ín, ọ̀sà wà lọ́hùn-ún. Ẹni tí ó bá fẹ́ yẹra fún àárín ìlú ní láti fi ọgbọ́n so ọ̀nà kan mọ́ òmíràn.

Fún ẹni tí kò mọ Creek Road, omi àti èbúté ni ó wà ní apá kan, ilé àti ṣọ́ọ̀bù ní apá kejì. Èbúté Àpápá ń bẹ ní ìsàlẹ̀ níbẹ̀, èbúté Tin Can tí wọ́n ṣí ní 1977 sì ń bẹ ní òkè. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn tirela tí ó ń lọ gbé kọ̀nténà fi tò sójú ọ̀nà wa tọ̀sán-tòru, tí àwọn awakọ̀ ń dáná, tí wọ́n sì ń sùn sábẹ́ ọkọ̀ wọn. Ní February 2021, ìjọba bẹ̀rẹ̀ ìlànà kan tí wọ́n pè ní Ètò, pé kí tirela má ṣe kúrò ní gáréèjì títí wọn yóò fi pè é láti èbúté. Ó mú ìrọ̀rùn wá, síbẹ̀ àwa tí a ń gbé ibẹ̀ kì í fọwọ́ sọ̀yà pé ojú ọ̀nà yóò ṣí lọ́la. Nítorí náà, ẹnu ọ̀nà ilé wa gan-an ni ìrònú ìrìn-àjò wa ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìjẹ̀bú-Òde ni ilé ọkọ mi, ọ̀nà mẹ́ta pàtàkì ni a sì lè gbà débẹ̀. Èkínní gba Mile 2 àti Ọ̀ṣòdì lọ sí Gbàgádà àti Ọ̀wọ́ròńṣòkí, kí ó tó yọ sí ọ̀nà Ìbàdàn. Nígbà tí a bá dé Ṣágámù, a ó yà sí ọ̀nà Benin, a ó sì bọ́ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Èkejì gba Ìjọra, ó gun Afárá Èkó, ó wọ orí Third Mainland, ó sì pàdé èkínní ní Ọ̀wọ́ròńṣòkí. Ẹ̀kẹta gba Erékùṣù Èkó, ó tọ Lẹ́kí àti Ajá lọ sí Ẹ̀pẹ́, ó wá ti Ẹ̀pẹ́ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn ti tún apá tí ó ti Ẹ̀pẹ́ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde ṣe, Ààrẹ Buhari sì ṣí i ní 2022.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wa ní ọdún 2023. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, bí a ti kírun Súbúhì tán, wọ́n pè wá láti Ìjẹ̀bú-Òde pé ẹ̀gbọ́n ìyá ọkọ mi ti dágbére fáyé. Ọmọ ìyá kan náà ni àwọn méjèèjì, àwọn méjì péré ni ó sì kù nínú ọmọ ìyá wọn. Ẹ mọ̀ pé àwa Mùsùlùmí kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀. Wọ́n ní lẹ́yìn ìrun Ayílà ni àwọn obìnrin yóò wẹ̀ ẹ́, a ó sì sin ín lẹ́yìn Aláásárì.

Ìyá ọkọ mi ti lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́rin, ìtọ̀ ṣúgà sì ń bá wọn jà. Ẹni tí ó bá ti tọ́jú aláìsàn bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé òùngbẹ a máa gbẹ wọ́n, ìtọ̀ a sì máa gbọ̀n wọ́n nígbà gbogbo. Nígbà tí a jókòó sínú bọ́ọ̀sì, àbúrò ọkọ mi tí yóò wa ọkọ̀ wo fóònù rẹ̀, ó ní, “Ìyàwó wa, orí Third Mainland ni kí a gbà. Ó fi nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú yá ju ti Ọ̀ṣòdì lọ.”

Mo ní, “Ọkọ mi kékeré, fóònù mọ iye ìṣẹ́jú, ṣùgbọ́n kò mọ Ìyá. Bí ìtọ̀ bá gbọ̀n wọ́n lórí omi, níbo ni a ó yà sí?”

Kí ó tó dáhùn, Ìyá sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn, wọ́n ní, “Ẹ má dààmú nítorí tèmi. Láti ìgbà tí wọ́n ti pè wá, n kò jẹ́ kí omi kàn mí lẹ́nu.”

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀rọ̀ yìí dùn mí wọra. Mélòó nínú àwọn ìyá wa ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ tí a kò mọ̀? Nítorí kí ojú má baà tì wọ́n nínú ọkọ̀ níṣojú ọmọ àti ọmọ-ọmọ, wọn a fi ebi àti òùngbẹ pa ara wọn. Ẹni tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà tí kò mu omi nínú ooru Èkó, ewu ni ó ń fi ara rẹ̀ wu. Òun náà ni ẹni tí yóò sọ pé kò sí nǹkan tí ó ń ṣe òun.

Third Mainland kò ṣẹ̀ wá. Afárá tí ó wúlò ni, wọ́n parí rẹ̀ ní 1990, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó kìlómítà méjìlá. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ti kọjá ibi tí a ti ń sọ̀ kalẹ̀ sí Adékúnlé, kò sí ibi yíyà mọ́ títí dé Ọ̀wọ́ròńṣòkí. Bí ọkọ̀ kan bá bàjẹ́ níwájú, ẹ ó jókòó lórí ọ̀sà ni, olókun-un-ra àti aláìlera. Ọ̀nà Ọ̀ṣòdì gùn ju èyí lọ ní aago wa lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ilé epo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mọ́ṣáláṣí wà níbẹ̀, ènìyàn sì lè yà sí ojú ọ̀nà kékeré tí ó bá a rìn.

Baálé mi ronú díẹ̀, ó sì wí pé, “Ẹ gba Ọ̀ṣòdì.” Mo bu omi fún Ìyá, mo dúró tì wọ́n títí wọ́n fi mu ún. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a dúró lọ́nà: lẹ́ẹ̀kan kí a tó dé Ọ̀ṣòdì, lẹ́ẹ̀kan ní Mowé, lẹ́ẹ̀kan sí i ní Ṣágámù. Àwọn ẹbí wa tí wọ́n ti Súrùlérè gba orí afárá ṣáájú wa dé ní nǹkan bí wákàtí kan. A kò bá wọn jiyàn, eré ni wọ́n sá, wọ́n sì dé ní àlàáfíà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwa náà dé, wọn kò tíì pe ìrun Ayílà. Ìyá fi ẹsẹ̀ ara wọn sọ̀ kalẹ̀, aṣọ wọn gbẹ, ara wọn le. Nígbà tí àkókò tó, àwọn ni wọ́n ń bu omi tí wọ́n fi wẹ ẹ̀gbọ́n wọn. Èmi wà níbẹ̀, mo rí ọwọ́ wọn, kò gbọ̀n.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ní òṣùwọ̀n kan tí mo fi ń wọn ọ̀nà. Ọ̀nà tí ó dára fún ẹbí ni èyí tí ìyá àgbà lè mu omi lórí rẹ̀ láìbẹ̀rù. Kí ẹ tó wo fóònù, ẹ wo inú ọkọ̀ ná. Ta ni ó ṣe aláìlera jù níbẹ̀? Ṣé aláboyún ni, àbí ọmọ tí ó ń ya ìgbẹ́ gbuuru, àbí bàbá tí orúnkún ń dùn? Ibi tí ẹni náà lè yà sí ni kí ẹ kọ́kọ́ kà, kí ẹ tó ka kìlómítà. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀dọ́ onílera nìkan ni ó wà nínú ọkọ̀, ẹ gba orí afárá, ẹ máa lọ.

Ẹ ronú sí àkókò pẹ̀lú. Ní òwúrọ̀, èrò ń wọ Erékùṣù. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń jáde. Ẹni tí yóò gba Lẹ́kí lọ sí Ẹ̀pẹ́ kò gbọdọ̀ bá àwọn òṣìṣẹ́ tí ń lọ sílé ní Ajá pàdé lálẹ́. Ẹ wo kàlẹ́ńdà: ní ọjọ́ Jimọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù, àwọn ìjọ Redeemed máa ń pé jọ sí ibùdó wọn ní ọ̀nà Ìbàdàn, àwa Mùsùlùmí náà sì ní ọjọ́ tiwa tí a ń kún ọ̀nà yẹn. Bí ìrìn-àjò bá ṣeé sún, ẹ sún un. Ẹni tí ó bá ń lọ sí Abẹ́òkúta tàbí Ìbàdàn tún ní reluwé tí wọ́n ṣí ní 2021, tí ẹ lè wọ̀ ní Èbúté Mẹ́tta. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà nínú rẹ̀, èyí sì tóbi lójú mi ju eré tí ó ń sá lọ.

Ẹ gbé bùtà omi àti ẹní ìkírun dání, kí ẹ sì rántí pé Ọlọ́hun ti ṣe ìrọ̀rùn fún arìnrìn-àjò: ìrun onírákà mẹ́rin di méjì fún un. Bí Ẹlẹ́dàá bá dín ẹrù kù fún ẹni tí ó wà lọ́nà, kí ni ó dé tí àwa yóò fi máa di kún ẹrù àgbà?

Ẹ̀yin baálé, ẹ máa béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyàwó yín kí ọkọ̀ tó gbéra, nítorí awakọ̀ mọ ọ̀nà, ṣùgbọ́n obìnrin ilé ni ó mọ ẹni tí kò tíì mu omi. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ má ṣe dákẹ́. Ọlọ́hun yóò sọ wá lọ, yóò sọ wá bọ̀. Àmín.