Adùn Tí Ń Bẹ Nínú Ọjà Àlòkù

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Bí ẹ bá wọ yàrá mi ní ilé ìgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ẹ óo rò pé èmi ni àgbà tí òwe náà ń wí. Fáànù tí ń fẹ́ mi, ẹlòmíràn ni ó kọ́kọ́ fẹ́. Sítóòfù tí mo fi ń se ẹ̀wà ti lo ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ méjì kí ó tó kàn mí. Àga tí mo jókòó lé lórí kọ àròkọ yìí, ọwọ́ ẹni tí ó ń kó lọ sí Ìlú Ọba ni mo ti rà á. Kì í ṣe àìlówó nìkan ni ó fà á o. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé mo fẹ́ràn ọjà àlòkù bí ọmọdé ti fẹ́ràn ọjọ́ ọdún.

Orúkọ tí a fún irú ọjà yìí pọ̀. Aṣọ ni a sábà ń pè ní òkìrìkà, nítorí ìlú Òkìrìkà tí ó wà lẹ́bàá Port Harcourt. Ẹni tí ó pe irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ní bọ́síkọ̀rọ̀ ti jẹ́ kí a mọ̀ pé ojú a máa ti ẹni tí ń rà á. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí a ti bu ọlá fún ẹrù tí ó ti òkè òkun dé: tòkunbọ̀ ni a pè é, orúkọ ọmọ tí a bí sí ẹ̀yìn odi tí a sì gbé bọ̀ wá sílé. Ẹrù tí ó ti sú òyìnbó, àwa fi orúkọ ọmọ kí i káàbọ̀. Bí ẹnì kan bá sì kó gbogbo ẹrù ilé rẹ̀ tà lẹ́ẹ̀kan náà, a ní ó lù ú ní gbàǹjo.

Àbúrò ìyá mi kan tí ń ta ìkòkò ní Ìbàdàn ni ó kọ́ mi ní ọgbọ́n ọjà yìí. Ó ní ojú a máa tan ni jẹ, kí n jẹ́ kí ọwọ́, etí àti imú bá ojú rajà. Bí ìkòkò ni, fi ìka kàn án: èyí tí ó bá dún gooro sàn, èyí tí ohùn rẹ̀ bá há ti là níbì kan. Bí fáànù ni, má tíì kì í bọ iná. Fi ọwọ́ yí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá yí títí kí ó tó dúró, inú rẹ̀ dára. Bí ó bá dúró gìrì, tàbí tí ó ń mì, ó ti gbó. Lẹ́yìn náà, gbóòórùn ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí wáyà tí ó ti jóná rí kì í fi òórùn pamọ́. Ní ti fìríìjì, ó ní kí n yẹra fún un. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé ìjọba Nàìjíríà ka àlòkù fìríìjì mọ́ ẹrù tí a kò gbọdọ̀ kó wọlé láti òkè òkun. Gáàsì inú àwọn ògbólógbòó a máa jẹ awọ ojú ọ̀run tí ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ oòrùn, fìríìjì náà a sì máa jẹ iná bí ẹni jẹ ẹ̀pà.

Lẹ́yìn àyẹ̀wò ni ó kan ìnájà, níbi tí adùn gan-an wà. Ní Ògùnpa ni mo ti rí fáànù mi.

“Ẹ̀gbọ́n, èló ni?”

“N12,000.”

“Ṣé pẹ̀lú ilé tí n óo gbé e sí ni? Ẹ gba N5,000.”

“Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ yìí, ṣé kí n wá fi owó oúnjẹ ilé mi kún un fún ọ ni?”

Mo kẹ́yìn sí i, mo ń rìn bí ẹni tí kò fẹ́ dé ibi tí ó ń lọ. N kò tíì gbé ẹsẹ̀ mẹ́wàá tí ó fi pè mí padà. N7,000 ni a fi parí rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Olúkúlùkù wa mọ̀ pé òun jèrè.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó kọ ojú sí ẹnì kan, ẹ̀yìn ni ó kọ sí ẹlòmíràn. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ tuntun kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Owó ọkọ̀ gòkè, owó oúnjẹ tẹ̀ lé e. Láti ìgbà náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí àlòkù níwájú ilé àwọn ènìyàn, kì í ṣe ní ọjà nìkan.

Ní ọjọ́ kan ní Àgbówó, mo rí obìnrin kan tí ó tẹ́ ẹní síta. Abọ́ wà lórí rẹ̀, ìkòkò wà níbẹ̀, àti ẹ̀rọ ìránṣọ Singer kan tí a ń fi ọwọ́ yí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá irú rẹ̀, kí n lè máa fi tún aṣọ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ṣe gba owó oúnjẹ. Mo yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ geere. Obìnrin náà ní N40,000. Mo ní N15,000. Ó dín in, n kò fi kún un. Mo kẹ́yìn sí i gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi, mo ń ka ẹsẹ̀ mi. N kò gbọ́ ìpè. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé oríta kí ó tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò sì jọ ti ọlọ́jà: “Ọmọ mi, mú N22,000 wá.”

Bí mo ti ń gbé ẹ̀rọ náà ni ọmọdébìnrin kan yọ láti inú ilé. “Màámi, kí ni ẹ óo wá fi rán aṣọ iléèwé mi?” Ìyá rẹ̀ kò dá a lóhùn. Ó ń ka owó.

Ní alẹ́, mo ròyìn ọjà náà fún ìyá mi lórí fóònù, mo ń yangàn. Ìyá mi dákẹ́. Ó wá bi mí bóyá mo rántí rédíò ńlá tí bàbá mi fẹ́ràn. Mo rántí rẹ̀. Ó kúrò nílé nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹta ní iléèwé girama, n kò sì mọ ibi tí ó lọ. Ó ní òun ni òun tà á láti fi san owó ìdánwò mi, ẹni tí ó rà á sì ná an títí ó fi di ìdajì, ó ń rẹ́rìn-ín bí ó ti ń gbé e lọ.

“Ẹni tí ó bá ń tà láti jèrè, bá a nájà bí ó ti wù ọ́,” ni ìyá mi wí. “Ẹni tí ó bá ń tà kí ó lè jẹun, bi í léèrè iye tí ó ń wá.”

Ní ọjọ́ kẹta, mo mú N10,000 tí ó kù sí mi lọ́wọ́ padà sí Àgbówó. Obìnrin náà kò gbà á. Ó ní ọjà tí a ti tà ti tán, òun kò sì ṣagbe. Ojú tì mí ju ẹni tí ń ra bọ́síkọ̀rọ̀ lọ. Mo ti yí padà kí ó tó pè mí. Ó ní bí mo bá fẹ́, kí n gbé ẹ̀rọ náà wá ní Sátidé, kí òun fi rán aṣọ ọmọ òun. Mo gbé e wá nínú kẹ̀kẹ́ Márúwà. Ó rán aṣọ náà tán, ó sì fi àwọn ihò tí a ń kán epo sí hàn mí. Mo ti yẹ ẹ̀rọ náà wò tọwọ́tọwọ́, etí àti imú, ojú mi kò rí ọ̀kan nínú wọn.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, n kò ní kí ẹ má ra àlòkù. Mo ṣì ń lọ sí Ògùnpa, mo ṣì ń ka ẹsẹ̀ mi. Ṣùgbọ́n kí n tó dá iye lé ọjà, mo máa ń kọ́kọ́ wo ibi tí ó wà: ṣé orí tábìlì ọlọ́jà ni, àbí orí ẹní tí wọ́n sùn lé ní àná? Bí ó bá jẹ́ orí ẹní, n kì í kẹ́yìn sí i.