Wọ́n Ní Kí N Kúrò N'Ísàlẹ̀ Èkó, Àmọ́ N Ò Tíì Lọ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń jí láago mẹ́rin ìdájí kẹ́ ẹ lè tètè rí mọ́tò wọ̀, ẹ ti ń ro bẹ́ ẹ ṣe máa jayé tẹ́ ẹ bá fẹ̀yìn tì, àbí? Èmi náà rò ó bẹ́ẹ̀. Odindi ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ABD. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì ní 2015, mo ní ó parí, oorun ló kù. Irọ́ ni o!

Ilé bàbá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìdúmọ̀tà ni mò ń gbé, òkè kejì. Ọkọ mi ti kú, ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo wà nílé ọkọ ẹ̀ n'Íkòròdú. Erékùṣù ni Èkó wa yìí, omi ló yí wa ká, síbẹ̀ èyí tá a máa lò là ń wá kiri. Omi kànga ilé wa níyọ̀ nínú, ọṣẹ kì í hó nínú ẹ̀, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé ká mu ún. Mẹ́rúwà ni mò ń retí láràárọ̀. Tó bá ti gbọ́ pé òkè kejì ni, á fowó lé e. Tí mo bá ní kó gbé e sílẹ̀ nísàlẹ̀, èmi àti bọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré la jọ máa gun àtẹ̀gùn náà títí omi á fi tán, èmi ẹni àádọ́rin ọdún.

Kí n jáde nílé gan-an, ẹ̀bẹ̀ ni. Ìyá Sùkúrà tó ń ta aṣọ ọmọdé ti fẹ́ẹ̀ lo ọdún mẹ́wàá tó ti ń gbé tábìlì ẹ̀ síwájú ilẹ̀kùn wa. Màá ní, "Ìyá Sùkúrà, ṣé ẹnu ọ̀nà ilé bàbá mi lo fẹ́ sọ di ṣọ́ọ̀bù ni?" Á kúnlẹ̀, á ní, "Ẹ má bínú, Mọ́mì," á sún tábìlì sẹ́yìn díẹ̀. Kí n tó ra ata dé, tábìlì ti padà síbi tó wà. A ti jà títí, ó ti sú àwọn tó ń là wá.

Ti owó ìfẹ̀yìntì ńkọ́? Ìgbà kan wà tí wọ́n ní ká wá fojú ara wa hàn pé a ò tíì kú. Mo gun àtẹ̀gùn alájà mẹ́ta lọ síbẹ̀, díẹ̀ ló kù kí n kú sórí ẹ̀. Nígbà tí mo dókè, wọ́n ní iná ò sí, ká padà wá lọ́la. Nígbà tí owó náírà wọ́n gógó ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, wákàtí márùn-ún ni mo fi tò sí báǹkì kan, ẹgbẹ̀rún méjì náírà péré ni wọ́n kà fún mi.

Gbogbo ẹ̀, mò ń fi ṣẹ̀rín ni, àfi lọ́dún tó kọjá, láàárọ̀ Sátidé kan tójò ń rọ̀. Mẹ́rúwà ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ, mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kẹta, mo ti dé agbedeméjì àtẹ̀gùn, lẹsẹ̀ mi bá yọ̀. Gbì! Mo ké títí, òjò ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbọ́. Àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn Ìyá Sùkúrà lẹ́nu ọ̀nà: "Ta ló ń da omi sí mi lọ́jà láàárọ̀ yìí?" Ṣé ẹ rí i, omi bọ́kẹ́ẹ̀tì ti ṣàn gba abẹ́ ilẹ̀kùn, ó ti rin báàgì aṣọ tó kó sílẹ̀. Ìjà ló bá wọlé. Ìgbà tó rí mi nílẹ̀, ó figbe ta.

Òun àti aláàárù kan ló gbé mi dé ibi tá a ti rí mọ́tò. Eegun ọrùn ẹsẹ̀ mi ti sán. Sátidé tọ́jà máa ń tà jù, obìnrin yìí fọjà sílẹ̀, ó jókòó tì mí lọ́sibítù títí ọmọ mi fi dé láti Ìkòròdú, ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni.

Ọmọ mi ò pariwo. Ó kàn ní, "Mọ́mì, tó bá jẹ́ Sánńdè ńkọ́?" Ẹnu mi wọhò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Ìdúmọ̀tà, ẹ mọ̀ pé tó bá ti di Sánńdè, gbogbo ọlọ́jà ti lọ sílé wọn lókè odò, àdúgbò á pa lọ́lọ́.

Mo tẹ̀ lé e lọ s'Íkòròdú, mo lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Omi ń yọ lẹ́nu ẹ̀rọ, ilé tutù. Àmọ́ aago márùn-ún ìdájí ni wọ́n ń jáde, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni wọ́n ń wọlé. Èmi àti tẹlifíṣàn la jọ ń wo ara wa. Kò sẹ́ni tí mo lè bá jà. Lọ́jọ́ kan, mo gbàgbé ọjọ́ tá a wà, kò sì séèyàn tí mo lè bi.

Nígbà tẹ́sẹ̀ san, mo ní mò ń lọ. Ọmọ mi sunkún. Mo wá pe Ìyá Sùkúrà. Owó gidi ló ń san lóṣooṣù fún ibi tó ń kó ọjà sí lálẹ́. Mo ní kó máa kó o sí yàrá ìsàlẹ̀ wa, kó má san kọ́bọ̀. Kí Sùkúrà wá máa sùn tì mí láti Sátidé di Mọ́ńdè, kó sì máa bá mi pọn omi sókè láràárọ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, Mọ́mì."

Kò tíì tẹ́ ọmọ mi lọ́rùn, òótọ́ sì lòun náà ń sọ. Gbogbo Sánńdè laago méje àárọ̀ ló máa ń pè mí, tí n ò bá tètè gbé e, Sùkúrà ló máa pè.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ níyà tàbí bàbá tó ń dá gbé, ẹ má kàn fowó ránṣẹ́. Ẹ bi wọ́n pé ta ló máa ń kanlẹ̀kùn wọn ní Sánńdè.

Ẹ jẹ́ n dúró níbí. Mo fẹ́ lọ ra ata, tábìlì obìnrin yẹn ló tún wà lẹ́nu ọ̀nà yìí.